Ìpàdé Tí Kò Tán

Ojú ewé kan péré ni ìwé náà, wọ́n sì ti fi àlùmọ́gàjí gé orí àti ìdí rẹ̀ kúrò. Sàídátù tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á nígbà kẹta láàárọ̀ ọjọ́ náà, inú sì tún bí i nígbà kẹta. Èdè Faransé ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin kan ló ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé òun ní wárápá, pé ó ti ń bá òun fínra láti ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, pé oògùn tí òun ń lò lójoojúmọ́ ti jẹ́ kó fi òun sílẹ̀ láti ọdún márùn-ún, pé àfẹ́sọ́nà òun mọ̀ sí i, àmọ́ àwọn òbí rẹ̀ kò tíì mọ̀.

Ọmọbìnrin tó sọ ọ̀rọ̀ náà ló jókòó síwájú Sàídátù yẹn, tó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra wọn. Fúnmilọ́lá ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Òṣogbo ni, ó ti lo ọdún mẹ́ta ní Lomé, ó sì ń kọ ìwé ẹrù ní ilé-iṣẹ́ Alájì Sàkáríyà Àlíù, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni Baba Bàlògún, bàbá Olúmidé tí í ṣe àfẹ́sọ́nà rẹ̀, rí ìwé náà nínú àpòòwé lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò sí orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Kó tó di ọjọ́ Àìkú, wọ́n ti fi ìwé náà ránṣẹ́ sí Fúnmilọ́lá, wọ́n sì ti ní kí ìdána dúró ná.

"Ẹni méjì péré ló mọ̀ ọ́n ní gbogbo Lomé, Màmá," ni Fúnmilọ́lá wí. "Olúmidé tí mo fẹ́ fẹ́, àti Ìtùnúolúwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí a sì jọ ń gbé yàrá kan. Ọ̀kan nínú wọn ló tà mí. Ẹ bá mi wá èyí tó jẹ́, kí n lè mọ ẹni tí n óò pàdánù."

Ó ní òun ti lé Ìtùnúolúwa jáde nínú yàrá, òun kò sì gbé ìpè Olúmidé mọ́. Èyí tó ń dùn ún jù ni pé òun àti Olúmidé ti mú ọjọ́ tí òun fúnra òun yóò jókòó ti ìyá rẹ̀, tí òun yóò sì sọ ọ́ fún un bí ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀ fún ìyá.

"Wọ́n já ọ̀rọ̀ náà gbà lẹ́nu mi," ló wí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Sàídátù fi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù kó tó fẹ̀yìntì. Ó ti gbé irọ́ láti Yorùbá sí Faransé, ó ti gbé e láti Mina sí Yorùbá, ó sì ti rí i pé kò sí èdè tí irọ́ wọ̀ tí ìrù rẹ̀ kì í yọ síta. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Adakpamé, àdúgbò rẹ̀, fi máa ń gbé ọ̀ràn tí ọlọ́pàá kò kà sí wá bá a. Eléyìí pàápàá, bí Fúnmilọ́lá ṣe fi ìwé náà sílẹ̀ fún un lánàá ló ti dá gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Serge, ọ̀gá kan tó mọ̀ láti kóòtù, ka ìwé náà, ó nà án sí ẹni tó jókòó tì í kí ìyẹn náà kà á, ó wá béèrè ohun tí wọ́n jí gan-an. Sàídátù ní ọ̀rọ̀ ni wọ́n jí. Serge rẹ́rìn-ín, ó ní kí Mádáàmù máa lọ sílé, àwọn yóò pè é. Ẹni tó bá ti bá ọlọ́pàá da òwò pọ̀ rí mọ ọjọ́ tí wọ́n máa ń pe ènìyàn.

Ó bi Fúnmilọ́lá níbi tó ti sọ̀rọ̀ náà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Fúnmilọ́lá ní nínú yàrá ìpàdé ni, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí ìpàdé tán tí gbogbo ènìyàn jáde. Àwọn méjì péré ló kù sẹ́yìn láti to ìwé, Ìtùnúolúwa rí hóró oògùn nínú báàgì òun, ó sì béèrè ohun tó wà fún. Òun ti ilẹ̀kùn kí òun tó dá a lóhùn.

"Alájì mọ̀ pé ìwé yìí jáde?"

"Wọ́n mọ̀. Àwọn ṣáà ni alárinà wa, ọ̀rẹ́ Baba Bàlògún ni wọ́n. Wọ́n ní Ọlájídé tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ló máa ti dẹ ẹ̀rọ sílẹ̀ de wa. Wọ́n ti ní kó lọ jókòó sílé."

Sàídátù ká ìwé náà sínú báàgì rẹ̀. Afurasí mẹ́ta ti wà nílẹ̀ kí òun tó mu tíì àárọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò sì ní kì í ṣe òun. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dìde.

*

Ìtùnúolúwa ti lọ fara pamọ́ sí ìsọ̀ onídìrí kan ní Agbalépédogan, níbi tí wọ́n ti fún un ní bẹ́ǹṣì tó ń sùn lé. Ojú rẹ̀ wú. Kò dúró kí Sàídátù kí i tán kó tó ní òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá ní òun sọ ọ́ kó wá wí i lójú òun.

Sàídátù kò bá a jiyàn. Ó yọ ìwé náà, ó ní kó ka ìlà mẹ́rin àkọ́kọ́ sókè. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń kọsẹ̀, ó ń padà sẹ́yìn. Oṣù mẹ́jọ péré ló tíì lò ní ìlú yìí, Faransé rẹ̀ kò ju bonjour àti "èló ni" lọ. Onídìrí náà, ọmọ Togo, ló ń bá a tún ibi tó bá ti ṣì í ṣe, láì gbé ojú kúrò lórí irun tó ń di. Faransé inú ìwé náà kò ní àléébù kankan. Kì í ṣe ọwọ́ Ìtùnúolúwa ló kọ ọ́.

Àmọ́ ó lè rí ẹlòmíràn bẹ̀ pé kó bá òun kọ ọ́, kóòtù sì ti kọ́ Sàídátù pé ẹ̀rí kan kì í tó gbé ènìyàn dúró. Ó tún gba ìwé náà, ó wò ó látòkè délẹ̀. Ní àárín ọ̀rọ̀ oògùn àti ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ, ó rí ibi tí ẹnì kan ti béèrè bóyá kí òun pa ẹ̀rọ amúlétutù, tí èkejì sì ní kó fi í sílẹ̀, ooru ń mú òun. Nísàlẹ̀ díẹ̀, ẹnì kan ń wá bíírò rẹ̀.

"Ìwọ lo béèrè nípa ẹ̀rọ amúlétutù?"

"Èmi ni. Kí ló kan ìyẹn níbẹ̀?"

Kò kàn án rárá, ohun tó sì mú Sàídátù dìde nìyẹn. Ẹni tó bá ń ṣòfófó, ẹran inú ọ̀rọ̀ ló ń gbé lọ, kì í gbé eegun. Kò sí olófòófó tó máa rántí bíírò tó sọnù. Ohun tó kọ ìwé yìí kò mọ ẹran yàtọ̀ sí eegun, gbogbo rẹ̀ ló gbé. Kì í ṣe Ìtùnúolúwa, kì í sì í ṣe Olúmidé tí kò sí nínú yàrá náà rárá. Ẹ̀rọ ni.

Ó sọ fún ọmọ náà pé kó má sunkún mọ́. Ìtùnúolúwa dáhùn pé òun ti sunkún tán, ẹni tó lé òun jáde láago mẹ́wàá alẹ́ láì jẹ́ kí òun sọ gbólóhùn kan ni kó máa sun tirẹ̀.

*

Ọlájídé ní kò ṣeé ṣe. Sàídátù bá a nílé rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà èbúté, ó ń fọ aṣọ pẹ̀lú ìbínú. Sàídátù na ìwé náà sí i, ó fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ gbà á, ó kà á tán, ẹnu sì yà á. Ó ní, "Fúnmi wa yìí?" Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.

Ẹ̀rọ kan wà lóòótọ́. Ọgbọ́n àtọwọ́dá ló ń lò, "Akọ̀wé" ni wọ́n sì ń pè é ní ilé-iṣẹ́. Òun ló gbé e sórí kọ̀ǹpútà yàrá ìpàdé láti oṣù kìíní. Bí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀, á máa gbọ́, á máa kọ ohun tí kálukú ń sọ sílẹ̀, á yí i sí Faransé nítorí ìwé kọ́sítọ̀mù, bí ìpàdé bá sì parí, á fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì.

"Ṣé ẹ bi àwọn ènìyàn kí ẹ tó máa gba ohùn wọn sílẹ̀?"

"Alájì bi wọ́n. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, wọ́n ní ẹni tí kò bá fẹ́ kó dìde."

"Ta ló dìde?"

Ọlájídé wò ó bí ẹni pé ó béèrè ẹni tó na ọba. "Màmá, ta ló máa dìde níwájú Alájì?"

Sàídátù wá fi ìka tọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì ìwé náà. Ẹni tó gé e ti gé orúkọ ìpàdé, ó ti gé ọjọ́, àmọ́ ó fi nọ́ńbà wínníwínní kan sílẹ̀ létí ìlà àkọ́kọ́: 01:47:12. Ọlájídé ní iye àkókò tí ìpàdé ti lò nígbà tí wọ́n sọ ìlà yẹn ni. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ó tún wò ó, ó mi orí. Aago mẹ́sàn-án ni ìpàdé bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì tó aago mẹ́wàá tó fi tán. Gbogbo ènìyàn ló lè jẹ́rìí sí i.

"Akọ̀wé kì í dúró lẹ́yìn ìpàdé," ló wí. "Bí ẹni ìkẹyìn bá ti jáde, òun náà á jáde. Kì í dá jókòó."

Sàídátù ti fẹ́ bínú sí i nígbà tí fóònù Ọlájídé dún. Alájì ló ń pè, láti ibi ilé tuntun tó ń kọ́ ní Légbassito. Ọlájídé dìde dúró kó tó gbé e. Alájì béèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ àpótí wáyà wà, Ọlájídé sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Alájì kan náà ló lé e sílé. Alájì ní ó dáa. Ọ̀rọ̀ tán. Àmọ́ Ọlájídé kò gbé fóònù kúrò létí. Ó dúró. Sàídátù ń gbọ́ ariwo láti inú fóònù náà: bíríkìlà kan ń jiyàn lórí àpò sìmẹ́ǹtì, Alájì ń bá a wí, ẹnì kan ń ju irin sílẹ̀. Ìṣẹ́jú kan kọjá, ìkejì tẹ̀ lé e. Ọlájídé ṣì dúró, ọṣẹ ń gbẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí lò ń dúró dè?" ni Sàídátù béèrè.

Ọmọ náà fi ọwọ́ bo fóònù. "Alájì kò tíì gé e."

Sàídátù jókòó. Ó ní kó ṣàlàyé fún òun bí ẹni pé ará oko ni òun. Ọlájídé ní kò sí ẹni tó ń gé ìpè mọ́ Alájì létí ní ilé-iṣẹ́ náà. Oníṣirò owó kan dán an wò lọ́dún tó kọjá, Alájì padà dé, ó pe gbogbo wọn jọ, ó fi odidi wákàtí kan béèrè ilé tí wọ́n ti tọ́ ọmọ náà. Láti ìgbà yẹn, Alájì ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gé e. Alájì kì í sì í gé e. Á kàn ju fóònù sápò agbádá ni, títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fi lọ.

"Níbo ni Alájì wà nígbà ìpàdé ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn?"

"Légbassito náà ni. Wọ́n ń da kọnkéré òkè lọ́jọ́ yẹn. Orí fóònù ni wọ́n ti bá wa ṣe é." Ohùn Ọlájídé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. "Nígbà tí wọ́n ní ó yá o, a dìde. Orúkọ wọn ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà. Mi ò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ Alájì lójú, Màmá. Mo kàn yí ohùn kọ̀ǹpútà sílẹ̀ nítorí ariwo kọnkéré, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè jáde fúnra wọn. Ojú kọ̀ǹpútà á ti ṣókùnkùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀."

Ìpàdé náà kò tán nìyẹn. Alájì wà nínú ìpàdé nínú àpò agbádá rẹ̀, kò sì mọ̀. Kọ̀ǹpútà wà nínú ìpàdé nínú yàrá tí àwọn ọmọbìnrin méjì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Akọ̀wé, tí kò sí ẹni tó kọ́ ọ pé ìpàdé tán, jókòó ó ń kọ gbogbo rẹ̀. Sàídátù ti gbọ́ pé ògiri létí láti kékeré rẹ̀. Kò mọ̀ pé ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n máa fi ya etí náà fún un.

"Ímeèlì ta ni Akọ̀wé ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí?"

"Ti Alájì nìkan. Àwọn ni ọ̀gá. Mi ò lè fi orúkọ mi ṣáájú tiwọn."

*

Sémìjàn ni Sàídátù gùn lọ sí ilé-iṣẹ́ Alájì, ọlọ́kadà ọ̀hún sì gba gbogbo ihò tó wà ní ọ̀nà èbúté. Inú ń bí i. Kò sí ẹni tó hùwà ibi nínú gbogbo ohun tó ti gbọ́ títí di ìsinsìnyí, bẹ́ẹ̀ ni ayé ọmọ kan ti dàrú. Ẹnì kan ṣì mú àlùmọ́gàjí ṣá. Ẹ̀rọ kì í gé ìwé, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ti àpòòwé sábẹ́ ilẹ̀kùn ènìyàn.

Alájì kì í ka nǹkan lójú kọ̀ǹpútà. Geneviève, akọ̀wé rẹ̀, ọmọ Mina tó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, ló ń ṣí ímeèlì rẹ̀, tó ń tẹ gbogbo rẹ̀ jáde sórí ìwé, tó sì ń kó o sínú fáìlì aláwọ̀ ewé sórí tábìlì rẹ̀. Sàídátù fi Mina bá a sọ̀rọ̀, ó pè é ní Davi, ìyẹn arábìnrin, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀ kó tó mú ìwé náà jáde. Geneviève kà á, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní ojú ewé àkọ́kọ́ nìkan ni òun máa ń kà, nítorí pé ọ̀rọ̀ iye kọntéínà ló máa ń wà nínú ìyókù. Òun tẹ ti ọ̀sẹ̀ yẹn jáde bí òun ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó ní òun kò lè fi fáìlì ọ̀gá han ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ òun lòun fi ń jẹun. Sàídátù ní kò burú. Geneviève wo ilẹ̀kùn, ó wá ní òun ń lọ ra omi, òun kò ní pẹ́ dé. Fáìlì aláwọ̀ ewé náà wà lórí tábìlì nígbà tó jáde.

Ẹni tó bá ti ń kó ìwé ẹrù lọ sí kọ́sítọ̀mù fún ọdún mẹ́wàá kì í tẹ ìwé kó má fi bíírò kọ nọ́ńbà sí i lápá ọ̀tún. Geneviève ti kọ nọ́ńbà sí gbogbo rẹ̀. Sàídátù ṣí i lọ́kọ̀ọ̀kan: ìkíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, ìkarùn-ún. Lẹ́yìn náà, ìkeje. Ìparí ojú ewé karùn-ún ni gbólóhùn kan ti bẹ̀rẹ̀, ìwé tó wà nínú báàgì rẹ̀ ló sì parí rẹ̀.

Nígbà tí Geneviève padà dé pẹ̀lú ike omi, Sàídátù ti bọ́ sí ìta.

*

Alájì Sàkáríyà jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan láàárín oko àgbàdo àti ilé alájà kan tí kò tíì ní òrùlé. Ó rí Sàídátù, inú rẹ̀ dùn, wọ́n jọ kí ara wọn títí, ó béèrè gbogbo ẹbí, ó ní kí wọ́n gbé àga fún un. Sàídátù jókòó. Ó ní òun wá nítorí ojú ewé kẹfà.

Alájì kò bi í pé ojú ewé kẹfà wo. Ó yí tẹ̀sùbáà ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ta ló ṣí fáìlì mi?"

"Èmi ni. Ẹ má fi kan ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin lẹ gbé ìwé náà fún Bàlògún?"

"Èmi ni." Ó sọ ọ́ láì fi ohùn bò ó. "Sàídátù, alárinà ni mí. Èmi ni mo fi ẹnu mi sọ fún Bàlògún pé ọmọ náà dára. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń kọ ohun tó wà nínú ẹrù sílẹ̀ kí ẹrù tó kọjá ẹnu ibodè. Bí wọ́n bá ṣí i lọ́la, tí wọ́n bá ohun tí mi ò kọ níbẹ̀, orúkọ ta ló bàjẹ́?"

"Fúnmilọ́lá kì í ṣe ẹrù, Alájì."

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Ẹ bá pe ọmọ náà, kí ẹ bi í. Ẹ̀yin lè pè é sí ọ́fíìsì yín, kí ẹ ní, ọmọ mi, mo rí báyìí, báwo ni a ṣe máa sọ ọ́? Ó ti fẹ́ sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ti mú ọjọ́."

Alájì ní òun kò mọ ìyẹn. Ó ní ilé-iṣẹ́ òun ni, ìpàdé òun ni, ẹ̀rọ òun ni, ohunkóhun tí wọ́n bá sì sọ níbẹ̀, ti òun ni, kò sí ohun tí òun jí.

"Kí ló dé tí ẹ fi gé orúkọ ilé-iṣẹ́ yín kúrò lórí rẹ̀?"

Alájì wo ilé rẹ̀. Bíríkìlà kan ń pè é láti òkè, ó ní kí ìyẹn ní sùúrù.

Sàídátù wá ṣàlàyé bí ẹ̀rọ náà ṣe gbọ́ ohun tí wọ́n ti ilẹ̀kùn sọ. Ó sọ fún un nípa àpò agbádá. Ó ya Alájì lẹ́nu gan-an. Ó ní òun kò mọ̀ pé òun ló yẹ kí òun máa gé ìpè, òun rò pé àwọn ọmọ máa ń gé e lẹ́yìn tí òun bá ti sọ̀rọ̀ tán. Ti oníṣirò owó tó dá wàhálà sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá, àdúrà ni òun ń ṣe fún un lọ́wọ́ tó fi gé e mọ́ òun lẹ́nu, ìdí tí òun fi bínú nìyẹn. Ta ló ní kí wọ́n má gé e mọ́ láéláé?

Kò sí ẹni tó ní bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ń dúró de bàbá, bàbá ń dúró de àwọn ọmọ, ẹ̀rọ ń kọ̀wé. Sàídátù rò ó, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ dípò ẹ̀rín.

"Ọlájídé ńkọ́?" ló béèrè. "Ẹ mọ̀ pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ẹ lé e sílé."

"Mo ní kó sinmi ni, títí ọ̀rọ̀ á fi rọlẹ̀."

Sàídátù dìde. Ó ní ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló bù sẹ́nu. Ó ní kí Alájì pe Ọlájídé padà lónìí, kó sì lọ bá Bàlògún, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ìwé náà ti wá. Alájì ní òun gbọ́, pé kó jẹ́ kí òun rò ó di ẹ̀yìn Jímọ̀. Ìdáhùn tí yóò mú lọ sílé nìyẹn, láti Légbassito dé Lomé, nínú eruku.

*

Sàídátù yà sọ́dọ̀ Fúnmilọ́lá kó tó lọ sílé. Fúnmilọ́lá wà nínú yàrá, ẹní Ìtùnúolúwa ṣì ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Sàídátù jókòó tì í, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti orí nọ́ńbà dé orí àpò agbádá, dé orí ojú ewé kẹfà. Ó sọ ọ́ dáadáa, nítorí pé ó mọ̀ ọ́n sọ. Kì í ṣe Olúmidé. Kì í ṣe Ìtùnúolúwa. Kò sí ẹni tó tà á nínú àwọn méjèèjì, kò sídìí tó fi máa pàdánù ẹnikẹ́ni.

Ó ń retí kí ọmọ náà fò mọ́ òun. Fúnmilọ́lá mú fóònù, ó pe Ìtùnúolúwa. Ó dún títí, ó gé. Ó tún pè é. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ti pa fóònù náà. Ó gbé e sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ó bá mi sọ̀rọ̀, ó ní kó o máa sun ẹkún tìrẹ," ni Sàídátù wí. "Ó máa rọ̀ ọ́ tó bá yá."

Fúnmilọ́lá na ọwọ́, ó ní kí wọ́n fún òun ní ìwé òun. Sàídátù yọ ọ́ nínú báàgì. Ó ti rún, ọṣẹ Ọlájídé ti kán sí etí rẹ̀ kan, nǹkan kan tó rí bí òróró irun sì wà lára rẹ̀. Fúnmilọ́lá wo àmì ọṣẹ náà fún ìgbà pípẹ́.

"Ta ló ní ọṣẹ lọ́wọ́?"

"Ọlájídé ni. Aṣọ ló ń fọ̀."

"Ẹ jẹ́ kó kà á?"

"Ó gbọ́dọ̀ kà á kó tó lè sọ ohun tí nọ́ńbà náà jẹ́ fún mi."

"Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo ní wárápá?"

Sàídátù rántí ojú ọmọkùnrin náà, àti bó ṣe ní, Fúnmi wa yìí. "Kò mọ̀," ló wí.

"Ta ló tún kà á?"

Irọ́ kò ṣòro fún ẹni tó ti gbọ́ irọ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àmọ́ Sàídátù kò pa á. Ó ka wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Serge ọlọ́pàá, àti ẹni tó jókòó tì í. Ọlájídé. Geneviève. Ó wá fi onídìrí tó ń bá Ìtùnúolúwa tún Faransé ṣe kún un.

Fúnmilọ́lá fi ìka kà á, ó ká a mọ́wọ́ bí ọmọ iléèwé. Kò bínú, kò gbé ohùn sókè.

"Alájì sọ fún ẹnì kan ṣoṣo, Màmá. Ẹ̀yin sọ fún ẹni márùn-ún. Ṣé ẹ bi mí?"

Nínú èdè mẹ́ta tí Sàídátù fi jẹun láyé, kò rí gbólóhùn tó lè gbé sílẹ̀ níwájú ọmọ náà ju ẹyọ kan lọ. "Mi ò bi ọ́," ló wí.

Fúnmilọ́lá ká ìwé náà sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin, ó kì í sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá fún wàhálà tí wọ́n ṣe, ó kúnlẹ̀ kí wọn bó ṣe yẹ. Ó wá ní bí wọ́n bá ń jáde, kí wọ́n jọ̀wọ́ bá òun pa ilẹ̀kùn dé.